Òkúta Kan, Ìkọ̀wé Mẹ́rin: Ọ̀rọ̀ Àsọyé Lórí Ìlú Palermo

Ẹ̀yin àgbà tó wà ní ìjókòó, ìbà yín o. Alága wa, mo dúpẹ́ pé ẹ fún mi láyè. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ̀yin oníṣẹ́ ọwọ́, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ fi oorun ọ̀sán Sátidé sílẹ̀ wá gbọ́ ọ̀rọ̀ ilé àti ìlú, ẹ kú ìjókòó, ẹ kú sùúrù.

Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ lórí ìlú àtijọ́ kan tí ilé inú rẹ̀ ń pìtàn. Mo yẹ̀ ẹ́ wò síwá sẹ́yìn. Róòmù ńkọ́? Gbogbo ayé ti sọ ọ́. Kairo ńkọ́? Ẹlòmíràn mọ̀ ọ́n jù mí lọ. Ìlú tí mo mú wá fún yín ni Palermo, olú ìlú erékùṣù Sísílì, ní ìsàlẹ̀ ilẹ̀ Ítálì, níbi tí Òkun Mẹditaréníà ti fún pọ̀ tó fi jẹ́ pé láti èbúté Sísílì sí ilẹ̀ Tùnísíà kò ju nǹkan bí 150 kìlómítà lọ.

Àwọn àgbà ní àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Èmi ni àlejò yẹn lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ dé Palermo. Mo dúró ní gbàgede kan tí wọ́n ń pè ní Bellini. Ilé olókùúta kan wà níwájú mi, òrùlé rẹ̀ dà bí igbá pupa mẹ́ta tí a dojú wọn dé. Mo sọ fún ìyá kan tó jókòó síbẹ̀ pé mọ́ṣáláṣí yìí mà lẹ́wà o. Ìyá náà ní, "Rárá, ọmọ mi, ṣọ́ọ̀ṣì ni. San Cataldo ni." Mo na ọwọ́ sí èkejì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó ní ṣọ́ọ̀ṣì ni ìyẹn náà, Mátọ́ránà ni wọ́n ń pè é, ti ìjọ Kátólíìkì sì ni, ṣùgbọ́n èdè Gíríìkì ni wọ́n fi ń kọrin nínú rẹ̀, Albéníà sì ni àwọn baba ńlá àwọn tó ń jọ́sìn níbẹ̀ ti wá. Ìdáhùn ìyá yẹn ni mo ti ń tú láti ọjọ́ náà. Díẹ̀ nínú ohun tí mo tú ni mo gbé wá síwájú yín lónìí.

ORÚKỌ ÌLÚ

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí orúkọ. Àwọn ará Fòníṣíà, oníṣòwò ojú òkun tó wá láti apá ibi tí Lẹ́bánónì wà lónìí, ló tẹ ìlú náà dó ní nǹkan bí ọ̀rúndún kẹjọ kí wọ́n tó bí Jésù. Ilẹ̀ tóóró kan láàárín odò kékeré méjì ni wọ́n kọ́lé sí. Orúkọ tí a rí lára owó wọn ni Ziz. Àwọn Gíríìkì wo èbúté ìlú náà, wọ́n ní Panormos, ìyẹn ibi tí gbogbo rẹ̀ jẹ́ èbúté. Róòmù gbà á ní ọdún 254 kí wọ́n tó bí Jésù. Ní ọdún 535 lẹ́yìn ìbí Olúwa wa, Belisarius, ọ̀gágun ọba Kọnsitantinópù, wá gbà á lọ́wọ́ àwọn Goth, ẹ̀yà jagunjagun tó ń ṣèjọba Ítálì nígbà náà. Ẹ gbọ́ ọgbọ́n tí ọkùnrin yìí dá: ó rí i pé òpó ọkọ̀ òun ga ju odi ìlú lọ, ló bá ní kí wọ́n fi okùn fa àwọn ọkọ̀ kéékèèké gòkè sí orí òpó, kí àwọn tafàtafà wà nínú wọn. Nígbà tí àwọn ará ìlú rí ọfà tó ń rọ̀ lé wọn lórí láti òkè, ogun parí.

Lẹ́yìn náà ni àwọn Mùsùlùmí wá láti Àríwá Áfíríkà. Wọ́n dó ti ìlú náà títí ó fi bọ́ sí wọn lọ́wọ́ ní ọdún 831. Panormos kò rọ ahọ́n wọn lọ́rùn, wọ́n sọ ọ́ di Balarm. Balarm ló wá di Palermo. Àdúgbò tí wọ́n ń pè ní Kalsa lónìí, al-Khalisa ni, níbi tí olórí wọn ti ń ṣèjọba. Òpópónà Cassaro, al-qasr ni, ìyẹn ààfin. Nígbà tí arìnrìnàjò tó ń jẹ́ Ibn Hawqal dé ibẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 973, ó ní mọ́ṣáláṣí tó wà nílùú náà lé ní 300. Ó yà á lẹ́nu. Ó béèrè ìdí rẹ̀, wọ́n sọ fún un pé olúkúlùkù ló ń fẹ́ mọ́ṣáláṣí tirẹ̀. Baba ní tirẹ̀, ọmọ náà ní tirẹ̀ nítòsí ti baba. Inú Ibn Hawqal kò dùn sí i, ó pè é ní ìgbéraga. Èmi ò bá a jiyàn, ṣùgbọ́n ohun kan dá mi lójú: ìlú tó bá ní mọ́ṣáláṣí 300 kò lè ṣàìní ọ̀pọ̀ agbẹ́kùúta, ọ̀pọ̀ gbẹ́nàgbẹ́nà, ọ̀pọ̀ ẹni tó mọ bí a ti ń mú omi wọ àgbàlá. Ẹ fi àwọn ọwọ́ wọ̀nyẹn sọ́kàn. Orí wọn ni ọ̀rọ̀ mi dá lé.

ỌBA TÓ WỌ AṢỌ LÁRÚBÁWÁ

Ní oṣù kìíní ọdún 1072, àwọn Nọ́máànì gba Palermo. Kristẹni ni wọ́n, jagunjagun láti àríwá ilẹ̀ Faransé. Ìbéèrè mi nìyí: ẹni tó fi idà gba ìlú, kí ni yóò ṣe sí àwọn ọwọ́ tó kọ́ ìlú náà? A ti rí i nínú ìtàn, níbi púpọ̀, pé ṣe ni wọ́n máa ń gé wọn dànù. Àwọn Nọ́máànì kò ṣe bẹ́ẹ̀ ní Palermo, kì í sì í ṣe pé ojú àánú ni wọ́n fi wò wọ́n. Wọn kò pọ̀. Ìwé owó orí wà ní èdè Lárúbáwá, ìwé òfin wà ní èdè Gíríìkì, àwọn fúnra wọn ò mọ ìkankan kà. Bí wọ́n bá lé akọ̀wé, ta ni yóò sọ fún wọn ẹni tó ni oko?

Ìwé kan wà ní ilé àkójọ ìwé ìjọba ní Palermo dòní. Ọdún 1109 ni Adelasia kọ ọ́, obìnrin tó ń di ìjọba mú fún ọmọ rẹ̀ tí kò tíì dàgbà. Èdè Gíríìkì àti Lárúbáwá ni ó fi kọ ọ́, orí pépà ni, ó sì wà lára ìwé orí pépà tó lọ́jọ́ lórí jù lọ ní gbogbo Yúróòpù. Ọmọ rẹ̀ yẹn ló di Ọba Roger Kejì, tí wọ́n dé ládé ní ọjọ́ Kérésìmesì ọdún 1130.

Ẹ wo irú ọba tí Roger jẹ́. Aṣọ ìgúnwà rẹ̀ wà ní Vienna lónìí. Ṣẹ́dà pupa ni, wọ́n fi okùn wúrà ya kìnnìún méjì tó ń pa ràkúnmí sí i, igi ọ̀pẹ wà láàárín wọn. Wọ́n kọ ọ̀rọ̀ yí etí aṣọ náà ká. Èdè wo? Lárúbáwá. Wọ́n tún kọ ọdún tí wọ́n rán an síbẹ̀: ọdún 528 ti Híjírà, tó bọ́ sí 1133 sí 1134. Kristẹni ọba, kàlẹ́ńdà Mùsùlùmí! Ọ̀gá àgbà ọkọ̀ ogun rẹ̀, George ará Áńtíókù, Kristẹni tó ń sọ Gíríìkì ni, ó ti kọ́kọ́ sin ọba Mùsùlùmí ní Tùnísíà kí ó tó wá sìn ín. Orúkọ oyè George wá láti inú "amir" ti Lárúbáwá, ibẹ̀ náà ni àwọn èdè Yúróòpù ti rí orúkọ tí wọ́n ń pe ọ̀gá ológun ojú omi títí di òní. George yìí ló kọ́ Mátọ́ránà tí ìyá yẹn fi hàn mí. Ó ní kí wọ́n ya òun sínú rẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ níwájú Màríà Wúńdíá. Ní odìkejì, Jésù fúnra rẹ̀ ló ń dé Roger ládé.

Wàyí o, ẹ bá mi wọ inú ilé àdúrà ààfin náà, Cappella Palatina. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 1132, wọ́n yà á sí mímọ́ ní 1140. Ẹ rọra wọlé, kò tóbi. Ẹ wolẹ̀: òkúta mábù tí wọ́n gé sí wẹ́wẹ́, tí wọ́n tò bí ìràwọ̀. Ẹ wo ògiri: dígí wẹ́wẹ́, tí wúrà wà lára ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀, ni wọ́n fi ya àwòrán, wọ́n sì to wọ́n kí wọ́n lè máa gba iná àbẹ́là láti ìhà gbogbo. Ọwọ́ àwọn oníṣẹ́ ọnà Gíríìkì ló ṣe ti òkè pẹpẹ. Jésù ń wò yín láti inú òrùlé roboto, ọ̀rọ̀ Gíríìkì yí i ká, ọdún 1143 sì wà níbẹ̀. Ní apá ibi tí ìjọ ń dúró sí, ọ̀rọ̀ Látìnì lẹ máa rí: Ádámù, ọkọ̀ Nóà, Ilé Ìṣọ́ Bábẹ́lì. Ẹ̀yin èèyàn mi, Bábẹ́lì! Níbi tí Ọlọ́run ti da èdè ènìyàn rú, wọ́n yà á sára ògiri ilé tí èdè mẹ́ta ti ń bá ara wọn gbé láìsí ìjà.

Ẹ má tíì jáde. Ẹ gbójú sókè sí àjà. Igi ni. Wọ́n gbẹ́ ẹ bí afárá oyin, ihò lórí ihò, ìràwọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìràwọ̀, iṣẹ́ tí àwọn Lárúbáwá ń pè ní muqarnas. Inú ọ̀kọ̀ọ̀kan ihò wọ̀nyẹn ni àwọn ayàwòrán ya nǹkan sí: onílù, oníjó, ẹni tó gbé ife lọ́wọ́, ràkúnmí tó ru ẹrù, ọkùnrin méjì tó jókòó ti ayò ṣẹ́ẹ̀sì. Wọ́n fi èdè Lárúbáwá kọ àdúrà ìbùkún yí wọn ká fún ọba. Nísàlẹ̀, Pétérù àti Pọ́ọ̀lù. Lókè, àwọn onílù ààfin Mùsùlùmí.

Àwọn kan ti bi mí pé ṣé kì í ṣe pé wọ́n kàn da nǹkan pọ̀ ni? Mo máa ń dá wọn lóhùn pé àdàlù ni lóòótọ́, irú èyí tí ìyá wa ń sè. Bí ẹ bá ń jẹ àdàlù, ṣé ẹ kò rí àgbàdo? Ṣé ẹ kò rí ẹ̀wà? Àgbàdo kò di ẹ̀wà, síbẹ̀ inú ìkòkò kan náà ni wọ́n ti jinná.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ṣẹ́ ilé kíkọ́, tiyín rèé. Báwo ni a ṣe ń gbé igbá roboto lé orí yàrá onígun mẹ́rin? Bí ẹ bá gbé e lé e bẹ́ẹ̀, igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yóò ṣí sílẹ̀. Ní San Cataldo àti ní San Giovanni degli Eremiti, èyí tó ní igbá márùn-ún, wọ́n mọ ọrun òkúta kékeré sí igun kọ̀ọ̀kan. Igun mẹ́rin di mẹ́jọ, mẹ́jọ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ di òbìrípo. Igbá wá jókòó jẹ́ẹ́ lórí rẹ̀. Àwọn agbẹ́kùúta tó mọ ọgbọ́n yìí láti ilé baba wọn ni ọba Kristẹni gbà síṣẹ́. Àwọ̀ pupa tí ẹ ń rí lára àwọn igbá náà nínú fọ́tò, ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni wọ́n fi kùn wọ́n nígbà tí wọ́n ń tún àwọn ilé náà ṣe. Ṣùgbọ́n bí igbá ṣe jókòó, ti àtètèkọ́ṣe ni.

OMI ÀTI AFẸ́FẸ́

N kò ní pẹ́ lórí èyí. Oòrùn Sísílì kò ṣeé bá ṣeré. Àwọn tó wá láti Áfíríkà mọ ohun tí à ń ṣe sí oòrùn. Wọ́n gbẹ́ ojú ọ̀nà tóóró sí abẹ́ ilẹ̀ láti ẹsẹ̀ òkè wá sí ìlú, wọ́n jẹ́ kó máa lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ kí omi lè máa fúnra rẹ̀ ṣàn bọ̀. Ènìyàn ṣì lè wọ inú òmíràn nínú wọn lónìí. Omi yẹn ni wọ́n fi gbin ọsàn, òroḿbó àti ìrèké yí Palermo ká.

Ní 1165, Ọba William Kìíní bẹ̀rẹ̀ ààfin ìgbafẹ́ kan, ọmọ rẹ̀ William Kejì ló parí rẹ̀. Zisa ni wọ́n ń pè é, láti inú al-Aziz, ìyẹn ológo. Wọ́n kọ ojú rẹ̀ sí òkun kí atẹ́gùn lè gba ẹnu ọ̀nà ńlá mẹ́ta wọlé. Omi ń sọ̀ kalẹ̀ lára ògiri gbọ̀ngàn, ó ń ṣàn lórí òkúta mábù, ó ń gba ojú àgbàrá tẹ́ẹ́rẹ́ kọjá láàárín ilé jáde síta. Atẹ́gùn á gbá omi, á tutù, á gòkè lọ sí àwọn yàrá. Mo dúró níbẹ̀ nínú oṣù keje, láago méjì ọ̀sán, òógùn ara mi gbẹ. Kò sí ẹ̀rọ amúlétutù kankan níbẹ̀. Mo rò nípa àwọn ilé onídígí tí à ń kọ́ níbí, tí a kì í lè mí nínú wọn bí iná bá ti lọ, ó sì dùn mí.

Ẹ̀yìn ìlú ni afárá tí George ará Áńtíókù kọ́ sórí odò Oreto wà. Odò ti yà gba ibòmíràn lọ; afárá ṣì nà gbalaja sórí koríko.

OHUN TÓ KORÒ

Ó kù díẹ̀ káàtó bí mo bá dákẹ́ síbí yìí. Wọn yóò ní Palermo jẹ́ párádísè tí Júù, Mùsùlùmí àti Kristẹni ti ń jẹun nínú abọ́ kan. Kò rí bẹ́ẹ̀.

Roger yìí kan náà, ní 1153, ọdún kan kí ó tó kú, jẹ́ kí wọ́n dáná sun Philip ará Mahdia, ọ̀gágun ojú omi rẹ̀ tó bá a jagun tó ṣẹ́gun, wọ́n ní ó ń ṣe Ìmàle ní kọ̀rọ̀. Ní 1161, nígbà tí àwọn ìjòyè dìtẹ̀ sí William Kìíní, wọ́n pa ọ̀pọ̀ Mùsùlùmí ní àdúgbò Palermo. Ní òpin ọdún 1184, Ibn Jubayr, Mùsùlùmí láti Sípéènì tó ń bọ̀ láti Mẹ́kà, gba ibẹ̀ kọjá. Ohun tó rí jọ ọ́ lójú: àwọn obìnrin Kristẹni lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Kérésìmesì nínú aṣọ àti ìbòjú bíi ti obìnrin Mùsùlùmí, William Kejì lè ka Lárúbáwá, ó sì lè kọ ọ́. Wọ́n sọ fún un pé nígbà tí ilẹ̀ mì tìtì, ọba gbọ́ tí àwọn ìránṣẹ́ ààfin ń ké pe Allah, jìnnìjìnnì bò wọ́n nígbà tí wọ́n rí i. Ọba ní kí olúkúlùkù ké pe ẹni tó ń sìn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un gbọ́. Kí ló dé tí jìnnìjìnnì fi bò wọ́n? Nítorí pé ní gbangba, Kristẹni ni wọ́n ń pe ara wọn. Ibn Jubayr rí ẹwà ìlú náà, ó sì rí ẹ̀rù tó wà lójú àwọn èèyàn rẹ̀. Ó kọ méjèèjì sílẹ̀.

Àyè tí àwọn Mùsùlùmí ní, lọ́wọ́ ọba ló wà. Ìyẹn ni àìlera rẹ̀. Nígbà tí William Kejì kú ní 1189, àwọn èèyàn kọ lù wọ́n, ọ̀pọ̀ sá lọ sórí òkè. Frederick Kejì, ọmọ ọmọ Roger, tó ń fẹ́ràn ìwé Lárúbáwá, òun gan-an ló kó wọn ní ọ̀pọ̀ yanturu láti àwọn ọdún 1220 lọ sí Lucera, ní gúúsù ilẹ̀ Ítálì gan-an. Ní 1300 wọ́n tú Lucera náà ká. Àwọn Júù ṣẹ́kù. Nígbà tí rábì Obadiah dé Palermo ní 1487, ó ka nǹkan bí ìdílé 850. Ọdún márùn-ún péré lẹ́yìn náà, ọba Sípéènì tó ni Sísílì nígbà náà ní kí wọ́n jáde. Ní oṣù kìíní ọdún 1493, wọ́n ti lọ.

Bí ẹ bá dé ẹnu ọ̀nà kàtídírà ìlú náà, èyí tí wọ́n tún kọ́ ní 1185, ẹ wo òpó tó wà lápá òsì. Ẹsẹ Kùránì wà lára rẹ̀. Wọ́n lé àwọn tó lè kà á, òpó kò lọ.

ALÁSÈ SANTA MARIA DI GESÙ

Èyí kàn wá. Ní àwọn ọdún 1520, wọ́n bí ọmọkùnrin kan sí San Fratello ní Sísílì. Ẹrú ni bàbá àti ìyá rẹ̀, wọ́n kó wọn wá láti Áfíríkà. Wọ́n sọ ọmọ náà di òmìnira. Benedetto ni wọ́n ń pè é. Ó da ẹran, ó di anìkàngbé nínú aginjù, ó sì wọ ilé àwọn ẹlẹ́sìn Francis ní Santa Maria di Gesù lẹ́yìn odi Palermo. Alásè ni. Kò mọ ìwé kà. Síbẹ̀ wọ́n fi í ṣe olórí ilé náà, àwọn tó mọ Látìnì ń wá gba ìmọ̀ràn lọ́dọ̀ rẹ̀. Nígbà tí àkókò rẹ̀ pé, ó padà sí ilé ìdáná. Ó kú ní 1589. Palermo fi í ṣe ọ̀kan lára àwọn alábòójútó mímọ́ ìlú náà ní 1652, Póòpù sì sọ ọ́ di ẹni mímọ́ ní 1807.

Orúkọ rẹ̀ la òkun kọjá. Ní Brazil, São Benedito ni wọ́n ń pè é, àwọn ẹrú àti ọmọ ẹrú fi orúkọ rẹ̀ dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ láti máa sin òkú ara wọn, kí wọ́n sì máa ra ara wọn padà. Ní Bahia, níbi tí wọ́n kó àwọn èèyàn wa lọ tí wọ́n ń pè wọ́n ní Nàgó, ère ọmọ Sísílì dúdú yìí wà nínú ṣọ́ọ̀ṣì àwọn aláwọ̀ dúdú ní Pelourinho. Ní oṣù keje ọdún 2023, iná ìgbẹ́ jó wọ ṣọ́ọ̀ṣì Santa Maria di Gesù, ó sì jó òkú Benedetto tí wọ́n ti ń tọ́jú síbẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́ wá. Ọjọ́ tí mo gbọ́ ọ, n kò lè jẹun.

Ọjà Ballarò ní Palermo ṣì ń ná. Àwọn ọmọ Nàìjíríà wà níbẹ̀, mo gbọ́ Pijin, mo gbọ́ Ẹ̀dó, mo gbọ́ èdè Bẹ̀ǹgálì, gbogbo wọn ń ná ẹja lọ́wọ́ àwọn ará Sísílì tó ń fi orin polówó. Wọ́n ta panelle fún mi, ẹ̀wà ṣíkípíì tí wọ́n lọ̀, tí wọ́n dín nínú epo, tí wọ́n fi sáàárín búrẹ́dì. Ẹni tó bá ti jẹ àkàrà pẹ̀lú búrẹ́dì rí kò ní béèrè bí wọ́n ṣe ń jẹ ẹ́.

ÒKÚTA ÌYÁ GRISANDUS

Mo ti pa òkúta kan mọ́ látàárọ̀, èyí tí mo fi sọ àkọlé ọ̀rọ̀ mi. Inú Zisa ló wà báyìí. Kò ju ohun tí ènìyàn lè gbá mọ́ra lọ. Àlùfáà ọba kan tó ń jẹ́ Grisandus ló ṣe é fún ìyá rẹ̀, Anna. Anna kú ní 1148, kàtídírà ni wọ́n kọ́kọ́ sin ín sí, ọmọ rẹ̀ sì gbé e lọ sí ilé àdúrà tó kọ́ fún un lọ́dún kejì.

Ọmọ yìí fẹ́ kí gbogbo ìlú mọ̀ pé ìyá òun kú. Nítorí náà ó kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹrin. Ó kọ ọ́ ní Látìnì, ó fi ọdún 1149 sí i. Ó kọ ọ́ ní Gíríìkì, ó fi ọdún 6657 sí i, láti ìgbà tí a ti dá ayé. Ó kọ ọ́ ní Lárúbáwá, ó fi ọdún 544 ti Híjírà sí i. Ó tún kọ ọ́ ní Lárúbáwá ṣùgbọ́n pẹ̀lú lẹ́tà Hébérù, bí àwọn Júù Palermo ṣe ń kọ ọ́, ó fi ọdún 4909 sí i. Ìyá kan, ọdún mẹ́rin, ọjọ́ kan náà.

Mo bi ara mi pé: ta ni Grisandus rò pé yóò kà á? Àlùfáà ni. Ṣé kì í ṣe Látìnì nìkan ló yẹ kó tó o? Ṣùgbọ́n ó ti rí àwọn tó ń gba àdúgbò rẹ̀ kọjá lójoojúmọ́, ó mọ èdè tí ẹnì kọ̀ọ̀kan fi ń kàwé, ó sì fẹ́ kí gbogbo wọn bá òun dárò. Apá ti Lárúbáwá bẹ Ọlọ́run pé kó ṣàánú fún ẹni tó bá ka òkúta náà tó sì bá Anna tọrọ àánú. Àmín ló fi parí rẹ̀, ó sì tún un sọ.

Èmi náà dúró níwájú dígí tí wọ́n fi bò ó, èmi tí n kò mọ Anna rí, mo ní, "Àmín."

Ẹ ṣeun tí ẹ fetí sílẹ̀. Bí ìbéèrè bá wà, mo ti ṣe tán.